A Kì í Dúpẹ́ Egbò

Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, 2025

Habibah, Àníkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kí ó máa bá ọ gbé níbi tí o wà. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń rọlẹ̀? Ṣé àwọn òyìnbó tí ò ń bá ṣiṣẹ́ ò fi ojú rẹ rí màbo? Àwa wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun.

Mo gbọ́ pé o tún ń bínú pé n kì í gbé fóònù. Ta ló sọ fún ọ? Mo máa ń gbé e, etí mi ni kì í gbé ohùn rẹ. Bí o bá ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" ohun tí èmi ń gbọ́ ni, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹ̀bi?" Ìdí nìyẹn tí mo fi padà sídìí iṣẹ́ mi àtijọ́. Ẹni tó fi gbogbo ìgbà èwe ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní pósófíìsì, ṣé lẹ́tà ló máa wá nira fún? Màá máa fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, màá ya á ní fọ́tò, màá fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ìwọ náà, fi ọwọ́ kọ tìrẹ. Má fi ohùn ránṣẹ́ sí mi mọ́, n kì í ṣe rédíò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru mi tó ń kó ọ lọ́kàn sókè ńkọ́? Ilé ìwòsàn tuntun kan wà lọ́nà Mayfair báyìí, iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ní ewé àti tábúlẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jọ jókòó sórí tábìlì kan náà. Wọ́n gbin ọgbà ewé sẹ́yìnkùlé, wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ omi àgbo wò, bẹ́ẹ̀ ni dókítà tó wọ kóòtù funfun sì wà níbẹ̀. Ìfẹ́dayọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ọmọdé ni, ẹgbẹ́ rẹ ni, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ó ní bí ìtọ́jú ṣe máa rí lọ́jọ́ iwájú nìyẹn, pé aláìsàn ò ní máa fi àgbo pamọ́ fún dókítà mọ́. Ó fún mi ní tábúlẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ, ohun tó ń ṣiṣẹ́ lára mi ni àgbo ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Aminullah. Láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti ń se é fún mi. Egbò igi kan ni, ó korò ju ewúro lọ. Nígbà tí mo padà lọ wọn BP, nọ́ọ̀sì wo ojú ẹ̀rọ, ó tún un wò. Ó ti wálẹ̀! N kò sọ fún wọn pé mò ń mu nǹkan mìíràn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi gan-an ò mọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Nílé tiwa, ẹni tó ń mu ún kì í bèèrè orúkọ rẹ̀.

Jẹun dáadáa o. Má fi búrẹ́dì ṣe oúnjẹ alẹ́. Ìgbà wo gan-an lò ń bọ̀ wálé?

Èmi ni bàbá rẹ,
Àlàní Sànúsí


Leicester, Ìlú Ọba
Ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún, 2025

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, torí n kò mọ ìgbà tí ẹ máa ka ìwé yìí. Ṣé ara le? Ṣé oorun ń kunjú?

Nígbà tí mo kà á pé BP yín ti wálẹ̀, mo pariwo nínú yàrá mi débi pé aládùúgbò mi gbá ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kúnlẹ̀ fún Ìyá Aminullah. Ẹ ka ibi yìí sí wọn létí bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Ìyá mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun fún àgbo tí ẹ ń se fún bàbá mi." Ọ̀dọ̀ ìyá màmá mi ní Ìpetumodù ni mo dàgbà sí, Ìyá Aminullah ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ mí. N kò fẹ́ kí wọ́n rò pé ọmọ tí kò mọ ọpẹ́ ni mí.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iṣẹ́ oògùn ni mo kọ́. Tí wọ́n bá dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ nítorí kí ẹ má baà fi àgbo pamọ́, tí ẹ wá lọ síbẹ̀ lọ fi àgbo pamọ́, kí wá ni èrè rẹ̀? Ẹ bi Ìyá Aminullah léèrè orúkọ egbò náà, kí ẹ kọ ọ́ sí mi.

Ẹ tún bèèrè ìgbà tí mò ń bọ̀. Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó ni n ó sọ ọ́? Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, páásípọ́ọ̀tù mi wà lọ́dọ̀ wọn. Bí mo bá jáde báyìí, n kò ní lè wọlé mọ́. Ilé oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló gbà mí sílùú, bí mo bá kúrò lọ́dọ̀ wọn, ìwé náà parí nìyẹn. Bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni mo rí. Okùn náà gùn tó kí n jẹko, kò gùn tó kí n délé.

Ọmọ yín,
Habibah


Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀
Ogúnjọ́ oṣù karùn-ún, 2025

Habibah,

O káre láé! O ti da ilé yìí rú láti ẹ̀yìn òkun.

Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ sí ẹ̀gbọ́n mi létí bí o ṣe ní kí n kà á. Wọ́n wà nídìí ìkòkò, orógùn wà lọ́wọ́ wọn. Mo ka "ẹ ṣeun" àkọ́kọ́, ọwọ́ wọn dúró. Mo ka ìkejì, wọ́n ní, "Àlàní, panu mọ́!" Èmi tí etí mi ò gbọ́, mo ti ka ìkẹta. Wọ́n ju orógùn sílẹ̀. "Ó parí! Ọmọ rẹ ti dúpẹ́ egbò!"

Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í dúpẹ́ egbò. Bí wọ́n bá fún ọ ní oògùn, o máa gbà á, o máa mu ún, o máa dákẹ́. Tí o bá fi lè dúpẹ́, egbò á ní òun ti gba owó iṣẹ́ òun, á lọ sùn. Alfa àdúgbò wa ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú Kùránì. Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn pé egbò kì í kéwú.

Ni wọ́n bá da gbogbo ìkòkò nù. Wọ́n gbé àdá, wọ́n lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n wa òmíràn. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta lo dúpẹ́, nítorí náà ìlọ́po mẹ́ta ni egbò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó tó lè jí. Omi rẹ̀ dúdú báyìí bí aró. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́, wọ́n á sì dúró tì mí bí wọ́dà títí n ó fi mu ún kanlẹ̀. Ìwọ ni mo máa ń rántí nídìí ife náà, kì í sì í ṣe pẹ̀lú àdúà.

Mo sọ fún dókítà bí o ṣe wí. Kò bínú. Ó ní, "Bàbá, ẹ mú egbò náà wá tàbí kí ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. N kò lè di ojú kí n máa fún yín ní oògùn lé oògùn." Mo délé, mo bi ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí n lọ sọ fún dókítà kí ó kọ́kọ́ sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pe bàbá rẹ̀ ní yàrá.

Má rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìdí. Nígbà ayé ìyá wa, àwọn kan wá pẹ̀lú ìwé àti bírò. Wọ́n jókòó sórí ẹní ìyá wa, wọ́n jẹ iyán rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ewé àti egbò títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀. Ìyá wa ń retí wọn títí ó fi kú. Kí ó tó kú, ó pe àwa méjèèjì, ó ní èyí tí òun ò tíì sọ fún wọn, orúkọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde nílé yìí. Ẹ̀gbọ́n mi búra. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ṣe àmín.

Ara mi dá, àfi imú tó dí. Bí mo bá sì gbé orí sókè lórí ìrun, ayé á yí díẹ̀. Ọjọ́ orí ni. Mo kàn ń jókòó sójú fèrèsé ẹ̀yìn, mò ń wo àwọn ẹyẹ tó ń jà lórí igi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń wa egbò. Èso rẹ̀ pupa wẹ́wẹ́. Wọ́n ní kì í ṣe oúnjẹ ènìyàn, ti ẹyẹ ni.

Bàbá rẹ


Leicester
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, ẹ dárí jì mí. Ta ló sọ fún mi rí pé ọpẹ́ lè ba nǹkan jẹ́? Ní Ìpetumodù, bó jẹ́ omi lásán ni wọ́n bù fún ọ tí o ò dúpẹ́, ìyá màmá mi á gbá ọ létí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti ọpẹ́ sílẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta, Bàbá! Ẹ̀jẹ̀ yín ti wálẹ̀, kí ni egbò tún ń wá kiri níbẹ̀? Tábúlẹ́ẹ̀tì ń fà á wálẹ̀, egbò ń fà á wálẹ̀. Ayé tó ń yí yín lójú yẹn kì í ṣe ọjọ́ orí. N kò gbà pé ọ̀fìnkìn ló dí imú yín náà.

Ẹ má rò pé mò ń bú egbò. Ọ̀pọ̀ oògùn tí mò ń kà sínú ike níbí, ara igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Èmi gbà pé egbò Ìyá Aminullah ń ṣiṣẹ́, ìdí gan-an tí ẹ̀rù fi ń bà mí nìyẹn. Ohun tó lágbára láti gbé ènìyàn dìde lágbára láti gbé e ṣubú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún mọ́ títí dókítà á fi rí i. Ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Tí ẹ bá dákẹ́ sí mi, ibi tí mo wà yìí, n kò ní ẹnì kan tí mo lè sáré lọ bá.

Habibah


Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, 2025

Habibah,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Mo fẹ́ dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà, bírò wúwo lọ́wọ́ mi. Má bínú.

Iléyá ti kọjá. N kò lọ sí yídì. Wọ́n pa àgbò, wọ́n gbé ẹran wá fún mi, mo wò ó. Aminullah ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ náà mọ̀ pé télọ̀ ni, ó rán agbádá tuntun fún mi. Ó ṣì wà lórí àga.

O ní kí n má mu ún mọ́. Ó rọrùn láti kọ. Mo gbìyànjú. Mo da ife kan sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi rí i pé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tutù. Wọn ò bú mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé òmíràn wá, ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní, "Àlàní, ṣé o fẹ́ kú mọ́ mi lójú ni?" Mo mu ún. Ilé wọn ni mo wà, Habibah. Láti ìgbà tí màmá rẹ ti lọ, àwọn ló ń fún mi lóúnjẹ, àwọn ló ń fọ aṣọ mi. Ibo ni mo fẹ́ gbà? Ìwọ lo dí iwájú, àwọn ló dí ẹ̀yìn.

N kò lọ sí Mayfair mọ́. Dókítà á tún bèèrè orúkọ. N kò lè purọ́ fún un, n kò sì lè sọ òótọ́ fún un. Kí n jókòó sílé ló dáa. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó fún mi ṣì wà, mò ń lò ó.

Má sọ ohunkóhun fún un láti ọ̀hún yẹn. Mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni.

Kò sí ibi tó ń dùn mí. Kò sí ohun tó wù mí náà. Àwọn ẹyẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èso yẹn tán. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, n kò mọ ohun tí n ó máa wò.

Bàbá rẹ


Leicester
Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà, 2025

Bàbá mi, Bàbá mi, Bàbá mi,

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ìwé yín, mo gba ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kọjá. Bàbá mi kọ́ ló kọ ọ́. Bàbá mi tó máa ń sọ pé agbádá Aminullah dà bí àgọ́ àwọn sójà! Agbádá tuntun wà lórí àga, ẹ ò bú u?

Bàbá, mo ti mọ̀ ọ́n. Igi ẹ̀yìnkùlé, èso pupa wẹ́wẹ́, ẹyẹ nìkan ló ń jẹ ẹ́. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló ń sọ ọ́: asofẹ́yẹjẹ. Wọ́n kọ́ wa nípa rẹ̀. Ohun kan wà nínú egbò rẹ̀ tí àwọn dókítà pàápàá fi ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀jẹ̀ ríru láyé àtijọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ bó bá pọ̀ lára jù, imú á dí, ojú á máa yíni, inú ènìyàn á sì bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí nǹkan kan ò fi ní wù ú láyé mọ́. Ìbànújẹ́ tó jókòó tì yín lójú fèrèsé yẹn, inú ife ló ti wá. Kì í ṣe tiyín, Bàbá.

Nọ́ńbà ilé ìwòsàn yẹn wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́, mo pa á. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún pa á. Ẹ ti fi Ọlọ́hun bẹ̀ mí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti da ìyá yín. Bí mo bá dákẹ́, mo ti pa bàbá mi. Ẹ tú mi sílẹ̀. Ẹ kọ "Sọ ọ́" lásán sínú ìwé, ó tó mi.

Habibah


Leicester
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà, 2025

Bàbá mi,

Fóònù fi hàn mí pé ẹ ti rí ìwé mi. Ẹ ò dáhùn. Mo pè, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀, ó ní bí mo bá fẹ́ lọ kí n lọ, ṣùgbọ́n ààyè mi ò ní dúró dè mí. Páásípọ́ọ̀tù wo ni n ó tiẹ̀ fi lọ?

N ó kọ̀wé sí Ìyá Aminullah fúnra mi.

Habibah


Leicester
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà, 2025

Ìyá mi, Ìyá Aminullah,

Mo kúnlẹ̀, mo fi orí kanlẹ̀. Fóònù Aminullah ni mo fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí kí ó lè kà á fún yín. Ẹ kú ìtọ́jú bàbá mi. Ìkíni ni mo kí yín o, n kò dúpẹ́.

Èmi ni mo da gbogbo rẹ̀ rú. N kò mọ èèwọ̀ ilé yín, mo ya ẹnu ọpẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá mi, egbò yín ò sùn rí. Ó ń ṣiṣẹ́ kí n tó dúpẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí mo dúpẹ́ tán. Ìlọ́po mẹ́ta tí ẹ sọ ọ́ dà, ìlọ́po mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì dókítà náà ò sì dáwọ́ dúró. Ńṣe ló dà bí ẹni méjì tó ń ti ọkọ̀ kan náà lọ sísàlẹ̀ òkè, ìkínní ò rí ìkejì, oníkálukú ń fi gbogbo agbára tì í. Bàbá mi ló wà nínú ọkọ̀.

N kò ní kí ẹ sọ egbò yín nù. N kò sì gbàgbé àwọn tó jẹ iyán ìyá yín tí wọn ò padà wá. Ó dun èmi náà. Àmọ́ mo ti mọ orúkọ egbò yẹn, n kò kọ ọ́ síbí nítorí yín. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà fúnra yín, tàbí kí ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ Jímọ̀, màá sọ ọ́. Tó bá yá, ẹ ṣépè fún mi. Kí bàbá mi ṣáà wà láàyè láti gbọ́ èpè náà.

Ọmọ yín,
Habibah


Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà, 2025

Habibah ọmọ Àlàní,

N kò mọ̀wé. Èmi ni mò ń sọ, Aminullah ló ń kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí ó bá yọ èébú kan kúrò nínú rẹ̀, èmi àti òun ni.

O fún mi lọ́jọ́! Èmi Sàúdátù, èmi tí mo pọn bàbá rẹ, tí mo fọ ìdí rẹ̀, o ní "títí di ọjọ́ Jímọ̀," bí ẹni tó ń lé ayálégbé jáde! Mo bínú débi pé n kò jẹun. Mo ní kí Aminullah tún un kà kí n lè tún bínú. Ó tún un kà. Ibi ọkọ̀ tí ẹni méjì ń tì yẹn, mo ní kí ó fò ó. N kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Alàmísì, láàárọ̀, mo gbé ife lọ fún bàbá rẹ. Ó ń ṣe àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ó nàró, ó wò mí, ó sì wó lulẹ̀ báyìí lójú mi. Mo pè é ní Àlàní, kò dáhùn. Mo kì í, mo kì í, kò dáhùn! Ara rẹ̀ tutù, òógùn bò ó. Ife wà lọ́wọ́ mi, Habibah. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n bù ú sí i lẹ́nu. Mo ti gbé orí rẹ̀ sókè. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tìrẹ yẹn ti já lù mí lójú. Mo rí ọwọ́ ara mi lára rẹ̀. Mo da ife nù, mo pariwo pe Aminullah, a gbé e lọ sí Mayfair.

Dókítà kékeré yẹn fi omi sí i lápá. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, kí ló wà nínú àgbo yìí? Bí mo bá mọ̀ ọ́n, màá mọ ohun tí n kò gbọdọ̀ fún wọn." Mo la ẹnu. Má rò pé agídí ni. Ẹnu mi kọ̀, bí ẹni pé ọwọ́ ìyá mi ló wà níbẹ̀. Mo dìde, mo jáde. Mo mọ̀ pé wọ́n rò pé mo sá lọ ni.

Mo gun ọ̀kadà padà sí Ìlódè. Mo gbé àdá, mo gé ẹ̀ka igi náà pẹ̀lú ewé pẹ̀lú ìwọ̀nba èso tí ẹyẹ jẹ kù, mo wa egbò rẹ̀ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, mo gbé gbogbo rẹ̀ gun ọ̀kadà. Mo kó o lé orí tábìlì dókítà, lórí àwọn ìwé rẹ̀. Mo ní, "Ìyá mi ní orúkọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde nílé. Orúkọ wà nílé. Igi ló jáde."

Ṣé o mọ ohun tí ọmọ yẹn ṣe? Ó mú èso kan, ó wò ó, ó sì pe orúkọ rẹ̀ gẹ́lẹ́! Bí ẹni ń pe orúkọ iṣu! Orúkọ tí mo dì mẹ́rù láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ torí rẹ̀ sìnkú àbúrò mi! Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní ó wà nínú ìwé, pé gbogbo ẹni tó kàwé oògùn ló mọ̀ ọ́n. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo sunkún títí nọ́ọ̀sì fi wọn BP tèmi náà. Kí wá ni mò ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí? Ilé tí olè ti kó tán ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí mò ń fi kùmọ̀ dẹ́rù bani.

Ó ní kí wọ́n dá egbò àti tábúlẹ́ẹ̀tì dúró ná kí ara bàbá rẹ balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan ni wọ́n máa mú, méjèèjì ò ní dé ara rẹ̀ pọ̀ mọ́. Aminullah ní òun ti fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ọ kí Jímọ̀ rẹ tó pé. Ó bi mí bí mo ṣe ń sè é, ohun tí mò ń fi kún un, bí iná ṣe máa ń pẹ́ tó lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ìyẹn ò sí nínú ìwé. Mo ní kí ó wá jókòó nídìí ìkòkò mi ní Ìlódè kí ó wò ó. Bí ó bá jẹ iyán mi tí kò padà wá, n ó wá a rí. Ó ní òun ń bọ̀. N kò tíì mọ̀ bóyá n ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Bàbá rẹ ò tíì dìde tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé ẹ̀kọ lọ fún un, ó tọ́ ọ wò, ó dijú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀kọ yín ṣàn bí omi ìṣanwọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí n wẹ̀ ni?" Ó ti pẹ́ tó ti bú mi gbẹ̀yìn! Mo jáde lọ sí kọ́rídọ̀, mo fi gèlè nu ojú. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti ń bú agbádá Aminullah.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Má dúpẹ́ o! Mo mọ̀ ọ́. O máa kọ ọ́, o máa tún un kọ bí ayékòótọ́. Dókítà lè ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Mo gbọ́. Mo ti rí ohun púpọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, n kò fẹ́ dán ìyẹn wò. Bàbá rẹ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí o bá máa kọ̀wé, kọ nǹkan mìíràn.

Èmi ni,
Sàúdátù, Ìyá Aminullah


Leicester
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, 2025

Ìyá mi, Ìyá Aminullah,

Mo kúnlẹ̀ kí yín.

Òjò rọ̀ níbí lónìí. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo padà délé. Ìwé mi ò tíì jáde, páásípọ́ọ̀tù mi ò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn, n kò sì mọ ìgbà tí n ó rí yín. Mo gbé ẹ̀wà kaná, mo jókòó ka lẹ́tà yín, ẹ̀wà jóná. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá mi pé kí ó yé bú ẹ̀kọ yín. Rárá o, ẹ jẹ́ kí ó máa bú u.

Mo kọ ọ̀rọ̀ kan síhìn-ín ṣáájú, mo ti fi bírò pa á rẹ́ dúdú. Kí Aminullah má gbìyànjú láti kà á.

Ọmọ yín,
Habibah